Láti Agbádó dé Ọyìngbò: ọ̀nà àtijọ́ ni ọkọ̀ ojú irin tuntun Èkó ń tọ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn tó ń wọ Red Line, ọkọ̀ ojú irin aláàárín ìlú l'Ékòó, kì í yé sọ. Wọ́n ní ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí èrò ṣe ń fẹ́. Wọ́n tún ní kí ló dé tó jẹ́ Ọyìngbò ló ń já àwọn sí, nígbà tó jẹ́ pé Màrínà àti Ìsàlẹ̀ Èkó ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Èsì tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé iṣẹ́ ṣì ń lọ, kí wọ́n ṣe sùúrù. Sùúrù dára lóòótọ́, àmọ́ kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ló la ọ̀nà tí ọkọ̀ yìí ń tọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló là á ní 1896, ẹrù ni wọ́n sì ní lọ́kàn tí wọ́n fi là á. Irin tó wà lórí rẹ̀ lónìí, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ nǹkan méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ ohun tó ń bí èrò nínú nípa Red Line á ti yé e kó tó dé ibùdókọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó gbà. Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ ló sì wà lórí rẹ̀: Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin, Yàbá àti Ọyìngbò. Ẹ ka orúkọ wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí èyí tí èrò kì í ti í ya wìtìwìtì nínú wọn. Agbádó wà ní ààlà Èkó àti Ògùn, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọgbà tí ọkọ̀ ń sùn sí, tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Àwọn tó ń wọkọ̀ níbẹ̀ ju ará Agbádó lọ. Láti Ìjòkó, Sàngó àti Ifọ̀ ni wọ́n ti ń wá, àwọn tí owó ilé Èkó lé sá lọ sí Ògùn àmọ́ tí iṣẹ́ wọn kò kúrò l'Ékòó. Ìjù ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn Agége.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ ní Agége. Lóde òní, búrẹ́dì ni wọ́n fi ń mọ ìlú náà, ṣùgbọ́n obì àti kòkó ló gbé e níyì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn oníṣòwò kan láti Èkó lọ dá oko ńláńlá síbẹ̀. Jacob Kehinde Coker lòkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1907. Nígbà tí irin dé Kánò, obì Agége rí ọ̀nà gbà lọ sí Òkè Ọya. Àwọn Hausa tó ń wá rà á kò padà sílé mọ́, wọ́n tẹ̀dó, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ wọn ń sọ Yorùbá Agége bí ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀tà. Rélùwéè ló bí gbogbo ìyẹn.

Ní Ìkẹjà, ọ̀nà kò jìn láti ibùdó náà sí Computer Village àti sí ibi tí àwọn kọ̀ndọ́ ń pè ní Along. Òṣòdì ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀nà irin àti ọjà ti bára wọn jà jù. Títí di oṣù kìíní ọdún 2009 tí ìjọba Babatunde Fashola fi kó wọn kúrò, àárín irin ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń pàtẹ sí. Bí ọkọ̀ bá ti ń fun fèrè bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ìyá alátà á fa apẹ̀rẹ̀ tòmátì sẹ́yìn, aláṣọ á ká tápólì rẹ̀, ọkọ̀ á rọra kọjá láàárín wọn bí ìgbà tí ojú kò mọra rí, kó tó kọjá tán ọjà ti padà sórí irin. Àwọn tó bá ti tó ọmọ ogójì ọdún l'Ékòó kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe rẹ̀ fún wọn. Muṣin àti Yàbá náà mọ irú eré bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó ti Òṣòdì. Ọyìngbò ló wá gbẹ̀yìn, ibi tí ọjà tí kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá ti ń gba èrò rélùwéè mọ́ èrò bọ́ọ̀sì.

Ta wá ló yan ọ̀nà yìí? Láti 1893 ni Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó. Ogun Kírìjì ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀nà ti là, àwọn oníṣòwò òyìnbó sì ń fẹ́ kí epo, èkùrọ́ àti òwú ilẹ̀ Yorùbá máa yára dé ọkọ̀ òkun. Títí di ìgbà náà, orí àwọn alárùù àti inú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ògùn ni gbogbo ẹrù yìí ń gbà. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìdó. Wọ́n gba Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ rántí pé ìjọba Ẹ̀gbá ṣì dá dúró nígbà yẹn, ó di 1914 kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba òmìnira yẹn lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọ́n ní láti bá Ẹ̀gbá jókòó dúnàá-dúrà lórí ilẹ̀ kí irin tó lè kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn fún gbogbo ènìyàn. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni àwọn àgbà ìgbà yẹn ń pè é, nítorí pé ti omi ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Irin tí wọ́n tẹ́ nígbà náà kò fẹ̀. Láti etí kan sí èkejì, mílímítà 1,067 ni. Èyí tí Red Line ń lò báyìí jẹ́ mílímítà 1,435, òun sì ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Owó ló fà á tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi mú èyí tó tín-ín-rín: irin tóóró kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ó lè yí kọ́nà tó há, afárá rẹ̀ kò sì ní láti tóbi. Fún ọkọ̀ tó ń gbé èkùrọ́ lọ sí etíkun, ìyẹn tó. Wọn kò ronú kan òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ní agogo mẹ́jọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé ìlú wá bá irin. Níbi tí wọ́n bá kọ́ ibùdókọ̀ sí ni àwọn ènìyàn ń kọ́lé sí, tí ọjà ń wà, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970 sí 1980, Èkó ti ya gba ọ̀nà irin lọ sí apá àríwá, Muṣin ti so mọ́ Òṣòdì, Òṣòdì ti so mọ́ Ìkẹjà, Ìkẹjà ti so mọ́ Agége. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń yin àwọn tó ya àwòrán Red Line pé wọ́n gbọ́n láti mú un gba àárín èrò. Wọn kò yan àárín èrò. Èrò ló ti kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ irin láti ìgbà bàbá-bàbá wọn.

Èbúté Mẹ́ta tilẹ̀ di ìlú rélùwéè pátápátá. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe wà, ibẹ̀ ni ilé àwọn òṣìṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti gbó. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ló jẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ẹni tó ń tún orí ọkọ̀ ṣe lè dá ìlú dúró. Wọ́n ti tì í mọ́lé tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀ nígbà tí ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ọdún 1945 bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó ìgbà ogun ló fà á: owó oṣù dúró lójú kan, owó gààrí kò dúró. Ó ju oṣù kan lọ tí rélùwéè, ìwé ìfìránṣẹ́ àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba fi dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyókù ayé yẹn lè lọ wo Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ibi ìtọ́jú ohun ìtàn rélùwéè.

Ní ti ìbéèrè àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ gbé wọn dé Màrínà, nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rí. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Erékùṣù Èkó rí. Ní 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ kékeré kan tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, ó ń gba orí afárá Carter láti Ìdó wọ inú Èkó, dé Màrínà. Ẹni tó bá ti Abẹ́òkúta bọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó kó wọ èyí lọ síbi tó ń lọ. Kò pa owó tó yẹ fún wọn, kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dáwọ́ gbígbé èrò dúró. Ṣùgbọ́n wọn kò hú irin rẹ̀. Ìgbẹ́ ni wọ́n ń fi kó láàárín ìlú lọ dà sínú ọ̀sà, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì fi ń ṣe títí di 1933. Nítorí náà, ní 1902, rélùwéè dé Màrínà. Ní 2024, èyí tí wọ́n ṣí pẹ̀lú ìlù àti ijó dúró sí Ọyìngbò.

Ìgbà tí ọkọ̀ àjàgbé àti bọ́ọ̀sì pọ̀, agbára rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ní 1955 ni wọ́n sọ ọ́ di àjọ, èyí tí a mọ̀ sí Nigerian Railway Corporation, tí gbogbo ayé ń pè ní NRC. Owó epo rọ̀bì dé, títì ni ìjọba gbájú mọ́, irin ń dípẹtà. Síbẹ̀, rélùwéè kò fìgbà kan kúrò pátápátá láàárín àwọn tálákà Èkó. Ọkọ̀ kan wà tó ń lọ láàárín Ìdó àti Ìjòkó, ó ń gbéra láàárọ̀ kùtù, ó sì ń padà nírọ̀lẹ́. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti dánfó. Inú rẹ̀ á kún, ẹnu ọ̀nà á kún, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á gun òrùlé, wọn á jókòó gátagàta, wọn á máa tẹ orí ba bí wọ́n bá fẹ́ gba abẹ́ afárá. Ẹni tó bá wo fọ́tò ọkọ̀ yẹn kò ní bi ìjọba léèrè mọ́ bóyá èrò á wà fún rélùwéè ní apá Agége. Èrò ti wà, wọ́n ti wà lórí òrùlé.

Lateef Jakande rí i. Ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1979, ọkọ̀ ojú irin aláàárín ìlú tí wọ́n pè ní Metroline sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ Faransé ló gba iṣẹ́ náà, Ààrẹ Shehu Shagari wá sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1983. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn ni àwọn sọ́jà gbàjọba. Ìjọba Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ náà ní 1985, owó tó sì ṣègbé lọ́rùn àwọn ará Èkó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Àwọn àgbà ìlú kò gbàgbé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ayé kò dákẹ́: Buhari yìí kan náà, nígbà tó di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, òun náà ló ṣí Blue Line, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó mìíràn, ní oṣù kìíní ọdún 2023. Jákàńdè kò rí ìkankan nínú méjèèjì. Oṣù kejì ọdún 2021 ló kú.

Láàárín ìgbà Jákàńdè àti òní, LAMATA dé. Àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú Èkó ni, láti ìgbà tí Bola Tinubu jẹ́ gómìnà, òun ló sì ya àwọn ọ̀nà tí wọ́n fi àwọ̀ sọ lórúkọ. Blue Line ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nígbà Fáṣọlá, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì Badagry ni yóò gbà, kò ní í kan ilẹ̀ NRC. Red Line kò rí bẹ́ẹ̀. NRC ló ni ilẹ̀ tó fẹ́ gbà láti Agbádó dé Ìdó. Òfin orílẹ̀-èdè ìgbà náà sì fi ọ̀rọ̀ rélùwéè sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Gómìnà lè ní èrò, ó lè ní owó, tí Àbújá kò bá ti fọwọ́ sí i, orí ìwé ni yóò wà. Orí ìwé náà ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó tú u sílẹ̀ ni iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2017 ni ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin onímílímítà 1,435 láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, irin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú owó tí a yá lọ́wọ́ Ṣáínà. Láàárín Èkó, ẹ̀gbẹ́ irin 1896 náà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó Mobolaji Johnson ní Alágoméjì, ó kan ibùdó Wole Soyinka l'Ábẹ̀òkúta, ó parí sí ibùdó Obafemi Awolowo ní Mọ́níyà. Ìjọba Èkó wá fọgbọ́n gbé e: dípò kí wọ́n tẹ́ irin tiwọn, wọ́n bá NRC ṣe àdéhùn pé ọkọ̀ Èkó yóò máa rìn lórí irin yìí, Èkó yóò kọ́ ibùdó, yóò kọ́ afárá, yóò ra ọkọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021 ni Gómìnà Babajide Sanwo-Olu dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ààrẹ Tinubu wá ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, àmọ́ ó di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún yẹn kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó wọ̀ ọ́.

Ìtàn ọkọ̀ tí wọ́n rà ya ènìyàn lẹ́nu. Ní 2009, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ní kí ilé iṣẹ́ Talgo ti Spéìn kọ́ ọkọ̀ méjì fún òun, kí ó máa gbé èrò láàárín Milwaukee àti Chicago. Ìlú Milwaukee gan-an ni wọ́n ti kọ́ wọn. Kí wọ́n tó parí, ìbò dé, Scott Walker wọlé gómìnà, ẹni tó fi ìpolongo ìbò rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ rélùwéè. Ó dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 800 dọ́là tí Washington fẹ́ fi la ọ̀nà irin lọ sí Madison padà. Ọkọ̀ méjì tí wọ́n ti kọ́ tán di ohun tí kò lólówó, ẹjọ́ délé ẹjọ́, wọ́n gbé wọn pa mọ́ fún ọdún bíi mélòó kan láìgbé èrò kankan. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Sanwo-Olu lọ sí Milwaukee, ó rà wọ́n fún Red Line. Nítorí náà, ìjà òṣèlú àwọn òyìnbó ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ló bá Èkó wá ọkọ̀. Mi ò rí ohun ìtìjú kankan nínú ẹ̀. Ọkọ̀ tí kò tíì gbé èrò rí, tó wà nílẹ̀, sàn ju kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de tuntun. Àléébù rẹ̀ ni pé méjì péré ni, epo dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń lò, nígbà tí Blue Line ń lo iná mọ̀nàmọ́ná.

Èyí ló mú wa padà sórí ẹ̀sùn àkọ́kọ́, pé ọkọ̀ kò pọ̀. Àwọn aláṣẹ sọ nígbà ìṣíde pé Red Line lè gbé èrò tó ìdajì mílíọ̀nù lójúmọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n kí ọ̀nà kan tó lè gbé èrò tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Blue Line lè débẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ní ọkọ̀ tó, torí pé òun nìkan ló ni irin rẹ̀. Red Line dà bí ayálégbé tó ń bá onílé fa omi nínú kànga kan: ó lè ra korobá sí i, kò lè pinnu ìgbà tí yóò kàn án láti fà.

Ẹ wò ó báyìí. Ọkọ̀ Ìbàdàn gbéra ní Alágoméjì, kò ní í dúró ní Muṣin, kò sì fẹ́ dúró ní Òṣòdì. Red Line tó wà níwájú rẹ̀ ń dúró níbùdó kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn ń ṣí, èrò ń sọ̀, èrò ń wọ̀. Irin kan náà ni àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn kò sì lè ya èyí tó wà níwájú sílẹ̀ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe lórí títì. Àfi kí ẹni tó ń darí ọkọ̀ fi àlàfo tó pọ̀ sáàárín wọn. Tún fi ọkọ̀ ẹrù tó ń ti èbúté Àpápá bọ̀ kún un. Bí ọkọ̀ kan bá pẹ́ ní Abẹ́òkúta, ó lè jẹ́ ẹni tó dúró sí Ìjù ni yóò jìyà rẹ̀. Kí Èkó ra ogún ọkọ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ àlàfo yẹn ṣì ń bẹ níbẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá tẹ́ irin kún irin láàárín Agbádó àti Ọyìngbò. Ilẹ̀ tó máa gbà á sì ti há, ilé àti ọjà ti fún un lọ́rùn. Lójú tèmi, ibí yìí ló yẹ kí àwọn akọ̀ròyìn ti máa bi LAMATA àti NRC ní ìbéèrè, ju pé kí wọ́n máa béèrè ìgbà tí wọn yóò kun ibùdó.

Ohun kan wà tí iṣẹ́ Red Line ti yí padà láìṣe àríyànjiyàn, ìyẹn ni oríta tí títì ti ń gba orí irin kọjá. Láti ayé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pá tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ ti wà ní Yàbá, Muṣin, Ìkẹjà àti ibòmíràn, kì í sì í ṣe gbogbo onímọ́tò ló ń kà á sí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́ ní oríta PWD lágbègbè Ṣógúnlé. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ló fara pa. Ìdí nìyí tí afárá ọkọ̀ àti afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní Ìkẹjà, Muṣin, Yàbá àti Ọyìngbò fi ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò lọ. Ẹni tí kò ní í wọ Red Line láyé rẹ̀ ń jẹ nínú àǹfààní yẹn. Iṣẹ́ ṣì kù o, nítorí oríta bíi ti Ṣógúnlé kò tíì tán lórí ọ̀nà náà, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sì ṣì ń gba ibi tó bá wù wọ́n fò kọjá.

Oṣù tí jàǹbá yẹn ṣẹlẹ̀ náà ni òfin yí padà. Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè kan tó yọ rélùwéè kúrò lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, ìpínlẹ̀ náà wá lè ṣòfin lórí rẹ̀. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èyí sọ Red Line di òmìnira. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tuntun fún ìpínlẹ̀ láyè láti la ọ̀nà tirẹ̀, kò gba ilẹ̀ tàbí irin NRC lọ́wọ́ NRC. Ibi tí yóò ti wúlò fún Èkó ni àwọn ọ̀nà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, àti ìpele kejì Red Line fúnra rẹ̀, èyí tó yẹ kó gbéra ní Ọyìngbò, kó gba Ìdó, kó fò kọjá ọ̀sà lọ bá Blue Line ní Màrínà, kí gbogbo ọ̀nà náà fi gùn tó kìlómítà 37. Afárá lórí omi wọ́nwó, ìyẹn sì ni ìdí tí ìpele kìíní fi dúró síbi tí ilẹ̀ gbígbẹ ti fẹ́ tán.

Títí ìgbà náà, ẹni tó bá sọ̀ ní Ọyìngbò tó ń lọ sí Erékùṣù ní láti wọ bọ́ọ̀sì. Káàdì Cowry kan náà tó fi wọ ọkọ̀ ojú irin ló lè fi wọ bọ́ọ̀sì BRT, èyí sì dín wàhálà owó ṣẹ́ńjì kù. Láti Agbádó dé Ọyìngbò kò tó wákàtí kan. Ẹni tó bá gba títì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lè lo wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń jí dúró de ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé kò pọ̀, tí wọ́n tún ti kọ́ àkókò rẹ̀ sórí: tí èyí bá lọ, ó di dánfó.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti apá kejì ọ̀nà náà, èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Ààlà ìpínlẹ̀ ló dá Red Line dúró ní Agbádó, irin kò dúró níbẹ̀. Ó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ọkọ̀ NRC ń rìn lórí rẹ̀. Ará Ìjòkó tàbí Ifọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ní láti kọ́kọ́ wọ kẹ̀kẹ́ tàbí bọ́ọ̀sì wá sí Agbádó kó tó rí ọkọ̀ Èkó wọ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń gun òrùlé rẹ̀ yẹn ń gbé e láti Ìjòkó gan-an. Kí Red Line tó lè wọ Ògùn, ìjọba méjì àti NRC gbọ́dọ̀ jókòó pinnu ẹni tí yóò kọ́ ibùdó, ẹni tí yóò ra ọkọ̀, iye tí wọn yóò máa san lórí irin, àti bí àdánù bá wà, ẹni tí yóò gbé e. Ìjọba Èkó ń san lára owó ọkọ̀ èrò rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Ó ṣòro kí ó gbà láti máa san fún ará ìpínlẹ̀ mìíràn láìjẹ́ pé Ògùn mú owó wá sórí tábìlì.